Choshi: ọkọ̀ ojú irin tí ìpanu ń bọ́

Ọjọ́rú, alẹ́

Àbúrò mi obìnrin tó ń kàwé ní Tokyo ló dárúkọ ìlú náà. Mo ní kó mú mi lọ síbi tí òkun wà tí èrò ò sì pọ̀, torí ariwo Tokyo ti sú mi. Mo rò pé Kamakura ni yóò sọ, ibi tí gbogbo àlejò ń lọ. Ó ní rárá o. "Ẹ̀gbọ́n mi, Choshi ni ká lọ. Ọkọ̀ ojú irin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ìpanu ló ń bọ́ ọ." Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, kò rẹ́rìn-ín. Mo ní ó yá.

Choshi wà ní ìpẹ̀kun ìlà oòrùn agbègbè Kanto, níbi tí odò Tone ti ń ṣàn wọ òkun Pàsífíìkì. Bíi kìlómítà 120 ni láti Tokyo lórí irin. Ọ̀nà méjì ló sì wà tí èèyàn lè gbà. Ọkọ̀ ayára kan wà tí wọ́n ń pè ní Shiosai, kì í pé wákàtí méjì kó tó gúnlẹ̀, àmọ́ ẹ ó fi owó lé owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ wọ ọkọ̀ gbogbo ayé dé Chiba, kí ẹ sọ̀ níbẹ̀, kí ẹ wọ òmíràn tó ń dúró ní gbogbo ibùdókọ̀ títí dé òpin. A fẹnu kò pé a ó wọ ọkọ̀ gbogbo ayé lọ, a ó wọ Shiosai bọ̀. Ẹni tó fẹ́ rí ìlú, kí ló fẹ́ fi ọkọ̀ ayára ṣe nígbà tó ń lọ? Ìgbà tó bá ń bọ̀, tó ti rẹ̀ ẹ́, ló yẹ kó wọ̀ ọ́.

Ọjọ́bọ̀

Ìlà Sobu, ojú irin tó lọ sí Choshi, wà nísàlẹ̀ ibùdókọ̀ Tokyo, àjà karùn-ún nínú ilẹ̀. Ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn oníná kan, ẹ ó rò pé ẹ ti dé, òmíràn tún wà níwájú. Nínú ọkọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń sùn lórí ìdúró, kò sẹ́ni tó ń pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Títí dé Chiba, ilé ni, ilé ni, ilé ni. Mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró.

A pààrọ̀ ọkọ̀ ní Chiba, ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í là. Lẹ́yìn Sakura, igbó ṣúúrú àti oko bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Nígbà tó ku díẹ̀ ká dé Yachimata, mo rí àwọn òkìtì kan láàrin oko, wọ́n ga tó èjìká èèyàn, wọ́n sì fi koríko gbígbẹ dé wọn lórí. Mo béèrè ohun tí wọ́n ń sin síbẹ̀. Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀pà ni! Ìpínlẹ̀ Chiba yìí ló ń kó èyí tó pọ̀ jù jáde nínú ẹ̀pà tí wọ́n ń gbìn ní Jàpáànù, Yachimata sì ni orúkọ tí gbogbo ilẹ̀ náà mọ̀ mọ́ ẹ̀pà. Tí wọ́n bá fà á tu, wọ́n á dojú gbòǹgbò rẹ̀ sókè lórí ebè kí oòrùn kọ́kọ́ pa á, lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó o jọ ní òkìtì kí atẹ́gùn máa gbẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Oṣù kẹwàá la wà, àkókò rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ó wá tọwọ́ bọ àpò, ó mú ọ̀rá kan jáde. Ẹ̀pà sísè, oníyọ̀, tòun tèèpo rẹ̀. Níbi tó pọ̀ ní Jàpáànù, ẹ̀pà yíyan ni wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n ará Chiba ń se tútù rẹ̀ jẹ lásìkò ìkórè, bí a ti ń se é nílé. Mo jókòó sẹ́bàá fèrèsé ọkọ̀ ojú irin ní Jàpáànù, mò ń fi eyín fọ́ èèpo ẹ̀pà sísè, mo sì ń kó èèpo náà sínú ọ̀rá tónítóní, torí ilẹ̀ ọkọ̀ wọn mọ́ débi pé ojú á ti èèyàn láti da nǹkan sí i.

Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́yìn Naruto. Oko ìrẹsì tí wọ́n ti kórè ló pọ̀ jù níbẹ̀. A kọjá Yokaichiba, a kọjá Asahi àti Iioka. Òkun ò jìnnà sí ibẹ̀, àmọ́ ẹ ò ní rí i látinú ọkọ̀. Etíkun Iioka yẹn wà lára ibi tí omíyalé ọdún 2011 (tsunami, òkun tó gbéra lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀) ti pa èèyàn. Àríwá lọ́hùn-ún ni gbogbo ayé ń dárúkọ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n kì í sábà rántí ìhín.

Ọ̀sán, Choshi

Ìlà ńlá parí sí Choshi. Ẹ má jáde síta o. Ẹ rìn lọ sí ìpẹ̀kun pèpéle tí ẹ bọ́ sí, ẹ ó rí ilé kékeré kan, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ oníkóòṣì méjì kan dúró sí tí kò bá èyí tí ẹ sọ̀ nínú rẹ̀ tan rárá. Òun ni Choshi Dentetsu, rélùwéè àdáni ìlú náà. Kìlómítà 6.4 péré ni gbogbo rẹ̀, ibùdókọ̀ 10, ojú irin ẹyọ kan, bí ogún ìṣẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò gba káàdì tí ẹ fi wọ gbogbo ọkọ̀ láti Tokyo wá. Ẹ wọlé, ẹ jókòó, kọ̀ndọ́ á wá bá yín pẹ̀lú àpò lọ́rùn, á gba owó lọ́wọ́ yín, á já tíkẹ́ẹ̀tì fún yín. A ra ti ọjọ́ kan, tó jẹ́ pé ẹ lè máa sọ̀, kí ẹ máa tún wọ̀ bó ṣe wù yín.

Ọkọ̀ tí a wọ̀ ti dàgbà. Tokyo ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, láyé ọdún 1960 sí i, wọ́n tà á fún rélùwéè kan ní Matsuyama lérékùṣù Shikoku, àwọn yẹn lò ó títí, Choshi wá rà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí ní ọdún 2010. Ó ń jó lórí irin, fèrèsé ń dún jọ̀ọ́jọ̀ọ́. Ní ọdún 2024 wọ́n tún rí òmíràn gbà láti ọwọ́ Nankai, rélùwéè kan lágbègbè Osaka. Àlòkù ni wọ́n ń rà. Tuntun? Owó dà?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìpanu ti wọlé nìyí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ dáadáa torí òun ló gbé mi wá. Irin yìí ti kú lẹ́ẹ̀kan rí. Wọ́n ṣí i ní 1913 fún àwọn tó ń lọ gbafẹ́ ní Inubo, létí òkun. Èrò ò tó, ogun àgbáyé kìíní sì ti sọ irin di wúrà, wọ́n bá palẹ̀ rẹ̀ mọ́ ní 1917, wọ́n hú irin ilẹ̀ tà. Ní 1923 ni wọ́n tún un ṣe, tó sì wà títí dòní. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ń fi Choshi sílẹ̀, àwọn tó kù ní mọ́tò, èrò ọkọ̀ ń dín kù lọ́dọọdún. Ní 1995, ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta nure-senbei. Ìrẹsì ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á yan án, wọ́n á sì rì í bọ inú sọ́ọ̀sì sóyà nígbà tó ṣì gbóná, kó lè mu ún dáadáa. Kì í le, kì í dún lẹ́nu. Ó rọ̀, ó níyọ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́.

Ọdún 2006 ló wá le jù. Wọ́n ti mú ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àgbà wọn tẹ́lẹ̀ lórí ẹ̀sùn pé ó kó owó ilé-iṣẹ́ jẹ, owó ìrànwọ́ ìjọba dúró, àkókò tí òfin ní kí wọ́n tú ọkọ̀ yẹ̀ wò sì ti dé, kò sí kọ́bọ̀ lápò. Àwọn òṣìṣẹ́ bá kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìfi bò: ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa ra senbei, a fẹ́ fi owó rẹ̀ tún ọkọ̀ ṣe. Àwọn tí kò tíì fojú kan Choshi rí láyé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ra á láti ìlú òkèèrè. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún páálí. Wọ́n rí owó tún ọkọ̀ ṣe. Títí di ìsinsìnyí, owó ìpanu ju owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ lápò wọn.

Àwọn kan máa ń pe ìyẹn ní àpárá. Ọkọ̀ yìí ń ṣe àpárá lóòótọ́: nígbà ẹ̀rùn láti ọdún 2015, wọ́n máa ń sọ ọ́ di ọkọ̀ iwin lálẹ́, kí àwọn ọmọdé sanwó wá kígbe. Ṣùgbọ́n mo wo kọ̀ndọ́ tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, mo wo àwọn ìyá arúgbó méjì tó ń gbé ọjà bọ̀ láti Choshi, tí wọn ò lè wa mọ́tò mọ́. Fún wọn, iṣẹ́ gidi ni. Ẹni tó bá ní kí wọ́n ti irú ìlà báyìí pa torí kò mówó wọlé, kí ó kọ́kọ́ wá gbé àwọn ìyá wọ̀nyí délé.

Nakanocho ni ibùdókọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn Choshi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Kó tó dúró rárá ni òórùn sọ́ọ̀sì sóyà ti wọlé láti ojú fèrèsé, torí iléeṣẹ́ Yamasa wà nítòsí. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1645. Higeta, tí òun náà wà ní Choshi, dàgbà jù ú lọ, 1616 ni tirẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi jọ pọ̀ síbí ò ṣòro: afẹ́fẹ́ òkun tó lọ́rinrin tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ dára fún ẹ̀wà sóyà tó ń kan, oko ẹ̀wà àti àlìkámà wà lẹ́yìn ìlú, odò Tone sì wà láti fi ọkọ̀ ojú omi gbé àgbá lọ sí Edo, tó di Tokyo lónìí.

Ìdílé Hamaguchi tó ni Yamasa kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ilẹ̀ Kishu ni wọ́n ti wá, níbi tí wọ́n ń pè ní Wakayama báyìí, ọ̀nà jíjìn ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Olórí keje nínú wọn, Hamaguchi Goryo, wà ní abúlé rẹ̀ ní Hiro lópin ọdún 1854 nígbà tí ilẹ̀ mì, tí òkun sì gbéra. Alẹ́ ni, òkùnkùn biribiri. Ó ní kí wọ́n ti iná bọ àwọn ìtí ìrẹsì tí wọ́n kó jọ sóko, káwọn tí omi ń lé lè fi iná náà mọ ọ̀nà òkè. Ọ̀pọ̀ ló yè. Èyí tó wú mi lórí jù ni ohun tó ṣe tẹ̀lé e. Abúlé ti bàjẹ́, ọkọ̀ ẹja ti fọ́, àwọn èèyàn ń múra láti ṣí lọ. Ó fi owó ara rẹ̀ gba wọ́n síṣẹ́, wọ́n mọ odi sí etí òkun, nǹkan bí mítà 600 ní gígùn, mítà 5 ní gíga, wọ́n parí rẹ̀ ní 1858. Owó ọjà sọ́ọ̀sì Choshi nìyẹn o. Omíyalé tún wá ní 1946, odi náà sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú abúlé là. Ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá tí àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ ní 2015 fún ìkìlọ̀ lórí omíyalé, ìtàn iná yẹn ni wọ́n fi mú un. New York ni Goryo kú sí ní 1885, lẹ́nu ìrìn-àjò.

Àbúrò mi ló sọ ìtàn yìí fún mi, kò sì tíì sọ ọ́ tán tí a fi wọ abẹ́ àwọn igi tó ń nawọ́ sínú ọkọ̀ lẹ́yìn Motochoshi, ewé ń gbá ara fèrèsé. Lẹ́yìn rẹ̀, oko kábéèjì ló gba gbogbo ojú, ewé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká pọ̀. Choshi ń gbin kábéèjì gan-an, ojú ọjọ́ rẹ̀ kì í tutù nini nígbà òtútù. A kọjá Ashikajima, tí kò sí ibùdókọ̀ míì ní gbogbo Kanto tó sún mọ́ ìlà oòrùn tó o. Òkun yọ díẹ̀ láàrin ilé méjì, ó tún wọlé padà.

Inubo

A sọ̀ ní Inubo, a fẹsẹ̀ rìn lọ síbi ilé ìmọ́lẹ̀ ojú òkun. Funfun báláú ni, gíga rẹ̀ ju mítà 31 lọ. Richard Henry Brunton, ará Scotland tí ìjọba Jàpáànù gbà síṣẹ́ láti kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri etíkun wọn, ló yàwòrán rẹ̀. Wọ́n tan iná rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 1874. Bíríkì tí wọ́n sun ní Jàpáànù ni wọ́n fi kọ́ ọ. Wọ́n ní ọkàn Brunton ò balẹ̀ lórí bíríkì náà, ló fi ní kí wọ́n mọ ògiri rẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún, ìmìtìtì ilẹ̀ ò sì wó o. Àtẹ̀gùn 99 ló wà nínú rẹ̀. Bó bá ku díẹ̀ kí ẹ débẹ̀, ẹ ó fi ọwọ́ di irin mú, ẹ ó sì máa bi ara yín pé ta ló rán yín níṣẹ́.

Lókè, atẹ́gùn fẹ́ gba fìlà mi. Nísàlẹ̀, àpáta dúdú àti omi funfun. Ẹ ó mọ̀dí tí iná fi wà níbẹ̀: ní 1868, ọkọ̀ ogun kan tó jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun Tokugawa, ìdílé tó ti ń ṣàkóso Jàpáànù tẹ́lẹ̀, fọ́ mọ́ àpáta Kurohae nítòsí ibẹ̀ nínú ìjì. Lójú òkun yìí ni omi gbígbóná tó ń bọ̀ láti gúúsù àti omi tútù tó ń bọ̀ láti àríwá ti ń pàdé. Ó máa ń mú kùrukùru wá. Òun náà ló ń mú ẹja wá. Ọjọ́ kìíní ọdún nìkan ni èrò ń pọ̀ níbẹ̀, torí yàtọ̀ sí orí òkè àti erékùṣù, ibẹ̀ ni oòrùn ọdún tuntun ti ń kọ́kọ́ yọ ní Jàpáànù. Lọ́jọ́ tiwa, àwa méjì àti bàbá kan tó gbé kámẹ́rà la wà níbẹ̀.

A ra senbei ní ibùdókọ̀ Inubo kí ọkọ̀ tó dé. Oríṣi mẹ́ta ni: ọ̀rá pupa ni èyí tí sọ́ọ̀sì rẹ̀ le, búlúù ni èyí tó fúyẹ́, ewéko ni èyí tó ládùn díẹ̀. A ra gbogbo rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́, Tokawa

Irin tán ní Tokawa. Ilé pákó ni ibùdókọ̀ ibẹ̀, ti ọdún 1923 ni, bẹ́ǹṣì tó wà nínú rẹ̀ ti dán nítorí ìdí àwọn tó ti jókòó lé e. Ọkọ̀ àtijọ́ kan tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìpẹtà ti ń jẹ ẹ́. Ẹ jáde síta, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan sọ̀ kalẹ̀ tààrà sínú òkun, pẹ̀lú ògiri òkúta lọ́tùn-ún lósì. Àwọn apẹja tó wá láti Kishu, ibi kan náà tí ìdílé Hamaguchi ti wá, ló tẹ èbúté yìí dó ní nǹkan bí 350 ọdún sẹ́yìn. Gbogbo ilé ló tilẹ̀kùn. Ológbò mẹ́rin jókòó sójú títì, kò sí èyí tó dìde fún wa. Mo bi àbúrò mi bóyá àwọn ará ìlú ti kó lọ. Ó ní, "Rárá o, wọ́n ti sùn ni. Òru ni wọ́n ń jí."

Ní ìwọ̀ oòrùn ibẹ̀ ni ògiri ilẹ̀ Byobugaura, bèbè gíga létí òkun, ti bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 10, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ Iioka. Oòrùn wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní bí aago márùn-ún. A yà á ní fọ́tò, fọ́tò náà ò dára.

Ilé ìyá àgbàlagbà kan tó ń gba àlejò ní Inubo la sùn sí. Ó gbé ọbẹ̀ ẹja sadíìnì tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sì rọ di bọ́ọ̀lù wá, pẹ̀lú kábéèjì gígé àti ẹja mackerel tí wọ́n fi mísò, ẹ̀wà sóyà kíkan tí wọ́n lọ̀, sè. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́, ìyá náà kúnlẹ̀, mo tún tẹrí ba, ó tún tẹrí ba, àfìgbà tí àbúrò mi ní ọbẹ̀ ń tutù. Ìyá béèrè ibi tí mo ti wá. Mo ní Nàìjíríà. Ó béèrè bóyá a máa ń jẹ ẹja níbẹ̀. Mo wo ẹja inú àwo, mo wo ojú àbúrò mi. Ẹja Titus ni!

Ọjọ́ Ẹtì, àárọ̀

A wọ ọkọ̀ àárọ̀ padà sí Kannon, a rìn lọ sí èbúté ẹja. Níbí ni ariwo ìlú wà, àṣé. Choshi ti jẹ́ èbúté tó ń kó ẹja jù lọ sílẹ̀ ní Jàpáànù fún ọ̀pọ̀ ọdún léraléra. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń fi àwọ̀n yí agbo ẹja ká, tí wọ́n á sì fa okùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀ kó má lè jáde, ti gúnlẹ̀ láti òru. Kíréènì ń fi àwọ̀n bu sadíìnì sínú tírélà. Ẹyẹ òkun ń jà sí èyí tó bá já bọ́.

Ọkùnrin kan tó wọ bàtà òjò dé orúnkún rí mi, ó bi àbúrò mi léèrè, ó sì na ìka sí àpótí kan tí mackerel wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, ó ní "Afurika." Àbúrò mi túmọ̀ rẹ̀: àwọn ńlá ni ará Jàpáànù ń jẹ, wọ́n máa ń mú àwọn kéékèèké di yìnyín kí wọ́n lè tà wọ́n sókè òkun. Òótọ́ ni. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ra mackerel Jàpáànù, a kàn ń rò pé inú firísà ni Titus ti ń wá ni. Mo sọ fún ọkùnrin náà, láti ẹnu àbúrò mi, pé a máa ń dín in gbẹ, a sì ń fi jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ata. Ó béèrè ohun tí ẹ̀bà jẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni àbúrò mi fi ṣàlàyé, mi ò mọ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín púpọ̀.

Shiosai gbéra ní déédéé àkókò rẹ̀. Ìjókòó rẹ̀ dára, ó yára, mi ò rí òkìtì ẹ̀pà kankan dáadáa. Àbúrò mi ti sọ pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ ló ni senbei tó wà nínú àpò. Títí a fi dé Chiba, ọ̀rá pupa ti tán, a sì ti ṣí ti ewéko.